Ẹ̀jẹ̀ Lára Orín

Ẹ̀yin ará Ìdàáṣà, ẹ̀yin ará abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn òkè wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lórí rédíò, ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, tí ẹ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe kánjú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu wọn jáde o. Ọ̀rọ̀ nípa ẹnu gan-an ni: eyín, àti ẹran tó yí ìdí eyín ká. Ẹran yẹn ni à ń pè ní erìgì.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe dìde lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyàwó yín, ó kan ìyá yín, ó kan ọmọbìnrin yín. Nítorí náà, ó kàn yín.

Ohun tí mo rí ní kíláàsì wa

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, olùkọ́ ni mí ní kíláàsì àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́tà F ni à ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é pa pọ̀: fà, fẹ́, fi, fò. Ṣé ẹ rí i? Bí a bá fẹ́ pe F, eyín òkè gbọ́dọ̀ kan ètè ìsàlẹ̀.

Ìyá kan wà ní kíláàsì náà. Ó mọ lẹ́tà F. Ó lè kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án láti kà á sókè, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mi orí. Ó ní kí n pe ẹlòmíràn.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó dúró dè mí. Ó ní: “Ọmọ mi, má bínú. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Eyín iwájú mi kò sí mọ́. Bí mo bá pe F, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. N kò fẹ́ kí àwọn èwe fi mí rẹ́rìn-ín.”

Mo bi í pé: “Ìyá, kí ló mú eyín náà lọ?”

Ó ní: “Àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Nígbà oyún kẹta ni erìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Bí mo bá fi orín kàn án, orín á pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n jáwọ́ nínú orín, kí erìgì lè sinmi. Mo jáwọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti lóyún, n kì í fi orín kan ẹnu títí n ó fi bímọ. Lẹ́yìn ọmọ karùn-ún, eyín kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó bọ́. Lẹ́yìn ọmọ kẹfà, méjì bọ́ tẹ̀ lé e.”

Ẹ̀yin ará, n kò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyá yìí ṣe ni èmi náà ṣe nígbà oyún mi àkọ́kọ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára orín, ẹ̀rù bà mí, mo ju orín nù. Nígbà oyún kejì, agbẹ̀bí kan ní kí n la ẹnu kí òun wò ó. Ó ṣàlàyé fún mi. Ohun tó sọ fún mi, àti ohun tí mo kà lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Òun nìyí: Ọmọ kì í jẹ eyín ìyá rẹ̀. Ìdọ̀tí ló ń ba ìdí eyín jẹ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára orín, ẹ má ṣe dá orín dúró. Erìgì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fọ òun mọ́ ni.

Kí ló di eyín mú?

Ẹ gbójú sókè, ẹ wo àwọn òkè wa. Wọ́n ń pe ìlú wa ní ìlú òkè 41. Ẹ wo òkúta ńlá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Kí ló dì í mú? Ilẹ̀ tó yí ìdí rẹ̀ ká ni. Bí àgbàrá bá ń wọ́ ilẹ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, òkúta yẹn yóò yí lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òkúta kò bàjẹ́. Ìdí rẹ̀ ló ṣófo.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eyín rí. Erìgì àti egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ tó di eyín mú. Eyín lè funfun, kó má ní ihò kankan, síbẹ̀ kó bọ́, nítorí pé ìdí rẹ̀ ti ṣófo.

Kí wá ni àgbàrá tó ń wọ́ ìdí eyín lọ? Ìdọ̀tí ni. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ fi èékánná ha ìdí eyín. Ẹ ó rí ohun rírọ̀ kan tó ń lẹ̀, tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀. Ẹ lè rò pé oúnjẹ àná nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó sí ìdí eyín, erìgì yóò wú, yóò rọ̀, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá kàn án. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ àrùn erìgì. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò san pátápátá.

Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ìdọ̀tí yóò le bí òkúta. Orín kò ní lè mú un kúrò mọ́. Yóò wọ abẹ́ erìgì lọ. Erìgì yóò ṣí kúrò lára eyín. Egungun abẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Eyín yóò gùn jáde, yóò máa mì, yóò bọ́. Egungun tó bá ti lọ kì í padà wá fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀. Erìgì àwọn kan pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ti àwọn mìíràn dúdú. Dúdú kì í ṣe àrùn. Erìgì tó le dáadáa, tí kò wú, tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, òun ni erìgì tó dára, ìbáà dúdú, ìbáà pọ́n.

Ìdánwò ènìyàn 12

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìdọ̀tí ló fà á? Àwọn kan dán an wò lára ènìyàn. Harald Löe jẹ́ dókítà eyín, ọmọ ilẹ̀ Norway ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Denmark nígbà náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ènìyàn 12 tí ẹnu wọn dára. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe fọ eyín rárá. Láàárín ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n wá ní kí wọ́n tún máa fọ eyín. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, erìgì wọn ti padà sí bó ṣe wà. Ní 1965 ni wọ́n tẹ ìwé nípa ìdánwò náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọn kò fọ eyín, erìgì ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, erìgì san. Ìyá ọkọ ìyá tó wà ní kíláàsì wa rò pé bí erìgì bá sinmi lọ́wọ́ orín, yóò san. Ó fẹ́ ire fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn gan-an ni ìdọ̀tí ń wá.

Akéde inú ẹ̀jẹ̀

Ẹ lè bi mí pé: “Ọkùnrin náà ní ìdọ̀tí lẹ́nu. Kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà oyún ni ti obìnrin ń le sí i?”

Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ ronú nípa akéde ìlú. Ọba ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí àgbẹ̀. Akéde mú agogo, ó ń lu ú káàkiri. Àgbẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà gbọ́, aláró náà gbọ́, ọmọdé tó ń ṣeré náà gbọ́. Agogo kì í yan ilé.

Inú ara obìnrin ní akéde tirẹ̀. Àwọn dókítà ń pè wọ́n ní họ́mónù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni họ́mónù ń gbà. Méjì nínú wọn ṣe pàtàkì fún obìnrin: ẹ́sítírójìn àti pùrójẹ́sítírọ́nù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Akéde ni wọ́n. Àwọn ló ń sọ fún ọmú pé kó yọ. Àwọn ló ń ṣètò nǹkan oṣù. Bí obìnrin bá lóyún, wọ́n á pọ̀ lọ́pọ̀ ìlọ́po, kí ilé ọmọ lè di ọmọ náà mú.

Ilé ọmọ ni a rán wọn sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dé ibi gbogbo, ó sì ń dé erìgì. Erìgì náà gbọ́ agogo. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ yóò fẹ̀ sí i. Omi inú wọn yóò máa jò sínú ẹran. Erìgì yóò máa yára wú, yóò sì máa yára ṣẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan púpọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá máa dùn ún gan-an.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ mọ èyí dáadáa. Bí ẹyọ iná kan bá bọ́ sínú koríko nígbà òjò, yóò kú. Bí ẹyọ iná kan náà bá bọ́ sínú koríko nígbà ọyẹ́, oko kajú lè jóná tán. Họ́mónù oyún dà bí ọyẹ́. Ìdọ̀tí ni iná. A kò lè ní kí ọyẹ́ má wá. Oyún kò sì ní wá láìsí họ́mónù. Ṣùgbọ́n a lè gbé iná kúrò nítòsí koríko.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1963, Harald Löe kan náà àti John Silness sọ ohun tí wọ́n rí ní ẹnu aboyún 121 àti obìnrin 61 tó ti bímọ. Wọ́n rí i pé láti oṣù kejì oyún ni wíwú erìgì ti ń pọ̀ sí i. Ó le jù ní oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìbímọ, ó rọlẹ̀. Ní 1980, Kenneth Kornman àti Walter Loesche ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí ohun mìíràn. Wọ́n rí i pé irú kòkòrò kan nínú ìdọ̀tí eyín lè fi họ́mónù obìnrin ṣe oúnjẹ, ó sì ń pọ̀ sí i lẹ́nu aboyún. Nítorí náà, bí erìgì ṣe ń rọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò kan ń rí oúnjẹ sí i.

Àwọn ìgbà mẹ́rin

Àkókò oyún nìkan kọ́ ni agogo ń dún. Ìgbà mẹ́rin ló wà láyé obìnrin tí ó yẹ kó ṣọ́ erìgì rẹ̀.

Ìgbà kìn-ín-ní: nígbà tí ọmọbìnrin bá ń bàlágà. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá ní erìgì òun ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe ní kó dákẹ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ìdí eyín.

Ìgbà kejì: nígbà tí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀. Erìgì obìnrin mìíràn á wú díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á sì rọlẹ̀. Kó máa fọ ẹnu bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Kó má ṣe dá a dúró.

Ìgbà kẹta: nígbà oyún. Èyí ló le jù.

Ìgbà kẹrin: nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Nígbà yìí, họ́mónù kì í pọ̀, ó ń dín kù ni. Ẹnu lè máa gbẹ. Egungun ara, títí kan egungun tó di eyín mú, lè dín ní agbára. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má ṣe sọ pé, “Mo ti dàgbà, kí ni mo fẹ́ fi eyín ṣe?” Ẹ óò fi jẹ iṣu. Ẹ óò fi jẹ àgbàdo. Ẹ óò fi pe lẹ́tà F.

Àwọn kan tún ń bi mí nípa oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Òótọ́ ni pé họ́mónù ló wà nínú hóró oògùn náà. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní àwọn ọdún 1960 ní họ́mónù púpọ̀, wọ́n sì rí wíwú erìgì lára àwọn tó ń lò wọ́n. Họ́mónù inú ti òde òní kéré gan-an sí ti ìgbà náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe torí erìgì jáwọ́ nínú ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ máa fọ eyín, kí ẹ sì bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀.

Ọmọ kì í jẹ eyín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ inú ń fa agbára inú eyín ìyá rẹ̀ láti fi kọ́ egungun tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń mú ohun tí yóò fi kọ́ egungun láti inú oúnjẹ tí ìyá ń jẹ. Bí oúnjẹ náà kò bá tó, ó lè mú un láti inú egungun ìyá. Kì í mú un láti inú eyín.

Nítorí náà, kí aboyún jẹun dáadáa. Kó jẹ ẹja kéékèèké tí a ń jẹ pẹ̀lú egungun rẹ̀. Kó jẹ wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà. Kó jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí ẹ ó rà bọ̀ lọ́jà.

Ohun tí ẹ ó ṣe nílé

1. Ẹ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ní òwúrọ̀, àti ní alẹ́ kí ẹ tó sùn. Ti alẹ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní gbogbo òru ni kòkòrò ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá sùn.

2. Orín dára. Àjọ ìlera àgbáyé náà gbà pé ó dára láti lò níbi tí orín ti wà. Orín àtà, orín ayín, orín dóńgóyárò, èyí tí ẹ bá ní. Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, tí yóò sì dà bí ìgbálẹ̀ kékeré. Orín tó le bí igi ìdáná á ha erìgì lára.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí eyín, níbi tí eyín àti erìgì ti pàdé. Ẹ fà á láti erìgì lọ sí ẹnu eyín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fọ iwájú, ẹ fọ ẹ̀yìn, ẹ fọ àwọn eyín inú lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fọ eyín iwájú nìkan nítorí pé òun ni ènìyàn ń rí. Kòkòrò kò bìkítà fún ẹni tó ń wò.

4. Bí ẹ bá lo orín tán, ẹ gé orí tí ẹ ti lò dànù. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni kó ní orín tirẹ̀.

5. Bí agbára bá wà, ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride nínú. Fluoride ń ran eyín lọ́wọ́ kó má baà ní ihò.

6. Bí erìgì bá ń dùn yín, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀, ìdajì ṣíbí kékeré, sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan. Ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Omi iyọ̀ ń ran orín lọ́wọ́. Kò lè gba iṣẹ́ orín ṣe.

7. Aboyún tó bá bì, kó kọ́kọ́ fi omi yọ ẹnu. Kó dúró díẹ̀, bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, kó tó fọ eyín. Omi kíkan inú ikùn máa ń mú kí ara eyín rọ̀. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó ha á.

8. Ẹ má ṣe fi iyanrìn tàbí èédú ha eyín. Ẹ má ṣe fi áṣáà tàbí tábà sí ẹ̀gbẹ́ erìgì. Wọ́n ń ba erìgì jẹ́, tábà sì ń pa aboyún àti ọmọ rẹ̀ lára.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ ó ṣì rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ rántí ènìyàn 12 yẹn. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù.

Ìgbà tí ilé kò tó mọ́

Orín ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí:

Bí ẹ ti ń fọ eyín dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dín kù.

Bí eyín bá ń mì.

Bí ọyún bá ń jáde láti ìdí eyín. Ẹ kà á dáadáa o: ọyún ni mo kọ, kì í ṣe oyún. Ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọyún ni omi funfun tó ń ti ojú egbò jáde. Oyún ni ọmọ inú. Àmì kékeré kan ló yà wọ́n.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara sì gbóná. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà.

Bí kókó pupa kan bá yọ lórí erìgì nígbà oyún. Àwọn aboyún kan máa ń ní in. Ó máa ń yára ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bani, àwọn ènìyàn á ní wọ́n fi nǹkan sí i lóúnjẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Họ́mónù àti ìdọ̀tí ló fà á. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e nílé.

Mo mọ̀ pé dókítà eyín kò pọ̀ ní ìgbèríko. Àwọn ìlú ńlá bíi Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí wà nítòsí. Ní ọjọ́ ìyẹ̀wò aboyún, ẹ má ṣe dúró kó bi yín. Ẹ sọ fún un pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo erìgì mi.” Yóò mọ ibi tí yóò darí yín sí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá tọ́jú ẹnu aboyún, oyún yóò bàjẹ́. Ní 2006, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí obìnrin 823 tí erìgì wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n tọ́jú erìgì àwọn kan nínú oyún, wọ́n sì tọ́jú ti àwọn yòókù lẹ́yìn ìbímọ. Ìtọ́jú náà kò pa ìyá lára, kò sì pa ọmọ lára. Erìgì àwọn tí wọ́n tọ́jú sàn sí i. N kò ní tàn yín: ìtọ́jú náà kò dín iye ọmọ tí a bí ṣáájú oṣù wọn kù. Ṣùgbọ́n ó tọ́jú erìgì ìyá, ìyẹn nìkan sì tó ìdí láti lọ. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà oyún ló rọrùn jù fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Bí ìrora bá wà, kò sí oṣù tí a kò lè lọ.

Ohun kan ló kù. Ẹ má ṣe lọ ra oògùn lórí àtẹ ní ọjà fún erìgì. Nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀ ni tẹtirasáíkílìn wà. Bí aboyún bá lò ó láti oṣù kẹrin lọ, eyín ọmọ inú lè ti àbàwọ́n jáde, àbàwọ́n tí orín kò lè fọ̀ kúrò títí láé. Kí ìyá má baà torí eyín tirẹ̀ ba eyín ọmọ rẹ̀ jẹ́, kó gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé ó lóyún.

Ìyá wa ní kíláàsì

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní: “Ká ní mo ti mọ̀.” Mo ní: “Ìyá, èmi náà kò mọ̀.”

Eyín tó ti bọ́ kò lè padà. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èyí tó kù ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ọmọ náà ti lóyún oṣù márùn-ún. Ìyá ní: “Olùkọ́, tún sọ ọ́ kó gbọ́. Ó ti ju orín nù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Mo ní: “Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tán láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ létí odò. Ẹ sọ ọ́ ní ìdí ọlọ. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ, ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó ilé. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè:
erìgì — orín — ìdọ̀tí — ẹ̀jẹ̀ — oyún — ọyún — họ́mónù — agbẹ̀bí

Ẹ bá ara yín jíròrò lórí ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Kí ló ń mú kí eyín tí kò ní ihò bọ́?
2. Kí ló dé tí erìgì aboyún fi ń yára ṣẹ̀jẹ̀?
3. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára orín, kí ni ẹ ó ṣe?
4. Ta ni ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún lónìí?

Kí eyín wa má ṣe tètè bọ́ lẹ́nu wa.